Ìdáhùn Tó Gun Òrùlé

Ọdún karùn-ún tí mo ti wà ní Àkúrẹ́ rèé, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ò tíì mọ orúkọ mi. Àgànyìn ni wọ́n ń pè mí. Ọmọ Kétu ni mí, ní ilẹ̀ Benin, níbi tí Faransé ti jọba. Ìyá tó bí ìyá mi ò gbọ́ èdè kankan ju Yorùbá lọ títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n lójú àwọn ará ibí, ẹnikẹ́ni tó bá ti òdìkejì ẹnubodè wá, ẹ̀wà ló ń sè tà. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ la ẹnu kí wọn nílé ìlagi, ọkùnrin kan pa ẹ̀rọ tó ń lò, ó ní, "Ẹ wá gbọ́ o, Àgànyìn yìí ń sọ Yorùbá!" Wọ́n bá kóra jọ, wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo ọ̀bọ tó wọ bàtà.

Ta ni wọ́n fẹ́ kọ́ ní Yorùbá? Àwọn tó ń pe ilé ní "ulé", tí wọ́n ń pe iṣẹ́ ní "uṣẹ́", tí wọn ò lè sọ gbólóhùn mẹ́ta kí wọ́n má fi Gẹ̀ẹ́sì méjì sí i! Mo rẹ́rìn-ín sínú. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń rẹ́rìn-ín sínú, inú mi sì ti kún.

Bí mo ṣe rin ìrìn-àjò mi ò kan ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn mọ́tò àti ẹnubodè, kó lọ bá awakọ̀. Ohun tí mo lè sọ ni pé olùkọ́ ìṣirò ni mí tẹ́lẹ̀ ní ilé ìwé girama kan ní Kétu. Tí mo bá wọlé, àwọn ọmọ á dìde dúró, wọ́n á kí mi ní Mùsé, bí Faransé ṣe ń pe ọ̀gbẹ́ni. Àdéhùn ọdọọdún ni wọ́n fi gbà wá síṣẹ́. Nígbà tó yá, wọn ò sọ tèmi dọ̀tun mọ́. Mo ní Nàìjíríà tóbi, ibi tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ò lè ṣaláì nílò ẹni tó mọ ìṣirò. Mo dé Àkúrẹ́, mo gbé ìwé ẹ̀rí yunifásítì mi káàkiri. Gbogbo ibi tí mo dé, wọ́n á yí ìwé náà sọ́tùn-ún, wọ́n á yí i sósì, wọ́n á ní Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, ta ló máa kà á? Àwọn tó pe ara wọn ní ọ̀mọ̀wé nìyẹn o.

Bí mo ṣe di ará ilé ìlagi nìyẹn. Pẹ́ńsù há mi létí, lẹ́búlẹ́bú igi kún mi nímú. Èmi tí mo kọ́ ìṣirò gboyè, pákó ni mò ń kà: oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Tí mo bá kà á tán, ọ̀gá mi á tún un kà lẹ́yìn mi, á fi ìka tọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì ṣì í kà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni ìyá mi máa ń pè mí lórí fóònù. Ó ti sọ fún gbogbo Kétu pé ọmọ òun ń kọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà ní ìṣirò. Èmi ni mo pa irọ́ náà fún un lóṣù àkọ́kọ́, torí mi ò lè gbọ́ ohùn rẹ̀ kí n sọ fún un pé pákó ni mò ń kà.

"Ṣé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ ń gbọ́ràn?" Bó ṣe máa ń bi mí nìyẹn.

"Wọ́n ń gbọ́ràn, Ìyá mi."

"Wọn kì í bá ọ jiyàn?"

"Rárá o. Ibi tí mo bá tò wọ́n sí ni wọ́n ń wà."

Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Pákó kì í jiyàn.

Wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Àwọn tó ń pa òwe yẹn ò sọ ohun tí onílé máa wí nígbà tó bá délé. Tí mo bá padà sí Kétu bí ẹni tó ń ka pákó, ojú ìyá mi ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó wo tèmi. Nítorí náà, mo jókòó sí Àkúrẹ́. Mi ò fẹ́ràn ibẹ̀, mi ò sì lè kúrò níbẹ̀. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, kò sì sí ẹni tí mo lè bá sọ̀rọ̀. Nígbà mìíràn, tí ẹ̀rọ bá dákẹ́ lọ́sàn-án, màá ṣe ìṣirò kan sára pákó, kì í ṣe fún ẹnikẹ́ni, kí n ṣáà lè mọ̀ pé mi ò tíì gbàgbé. Wọ́n á ta pákó náà. Ẹnì kan wà ní ìlú yìí tó ń sùn lábẹ́ òrùlé tí mo ṣe ìṣirò sí lára, kò sì mọ̀. Kí ni ì bá tiẹ̀ fi ṣe tó bá mọ̀?

Lọ́jọ́ kan ni Mìsíìsì Akíngbadé dé láti Oǹdó pẹ̀lú káfíńtà rẹ̀. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ni ibì kan tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìnnì lẹ́yìn tí ilé ìwé bá parí, wọ́n sì fẹ́ kan bẹ́ǹṣì tuntun. Bẹ́ǹṣì mẹ́rìnlá, pákó mẹ́ta sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Káfíńtà ní àádọ́ta pákó ló máa gbà. Mi ò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Méjìlélógójì ni," mo wí. "Àfi tí káfíńtà bá fẹ́ fi mẹ́jọ tó kù kan àga tirẹ̀."

Obìnrin náà wò mí. "Níbo lẹ ti kọ́ ìṣirò?"

"Ní yunifásítì."

Káfíńtà bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin náà ò rín. Ó ní àwọn ń wá olùkọ́ ìṣirò, pé íntáfíù máa wà ní Sátidé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, pé ẹnì kọ̀ọ̀kan máa ṣe iṣẹ́ kan lórí pátákó lójú àwọn. "Ẹ wá," ó ní. "A ò ní fi ìwé ẹ̀rí ṣe ìdíwọ́ fún yín. Ọwọ́ yín la fẹ́ wò."

Ọ̀nà kan ṣoṣo tí irọ́ mi fi lè di òótọ́ nìyẹn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Mo ra ìwé ìṣirò tí wọ́n ń lò nílé ìwé wọn, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí mo háyà ní Ọ̀bà-Ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àkúrẹ́, mo ń ṣí i bí ẹni ń ṣí ìkòkò ọbẹ̀ tó ti kan. Àwòrán ọsàn, àwòrán ìgò, ṣé nǹkan tí wọ́n fi ń da ara wọn láàmú nìyí? Onílé mi, Màmá Tísà, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ́ kíláàsì kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Kíláàsì kẹrin! Mo máa ń dọ̀bálẹ̀ kí i torí àgbà ni, ṣùgbọ́n mi ò rí ohun tí èmi àti ẹ̀ lè bá ara wa sọ nípa ìṣirò.

Ó na ọrùn wo ìwé mi. "Kí lò ń ṣe ní ibẹ̀ yẹn?"

"Ìṣirò ni, Màmá."

"Mo rí i pé ìṣirò ni. Kí ló dé tó o fi dorí ẹ̀ kodò?"

Mo ti pín nọ́ńbà kan bí bàbá mi ṣe kọ́ mi lórí síléètì kí n tó mọ bàtà wọ̀. Nílé wa, èyí tí a fẹ́ pín á wà lápá òsì, èyí tí a fi ń pín in á wà lápá ọ̀tún, a ó fa ìlà sábẹ́ èyí apá ọ̀tún, ìdáhùn á sì jókòó sábẹ́ ìlà náà jẹ́jẹ́. Àwọn ará ibí ò rí i bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ń pín ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ lápá òsì, wọ́n á wá fa nǹkan bí ògiri àti òrùlé bo èyí tí wọ́n fẹ́ pín, ìdáhùn á sì gun orí òrùlé náà lọ.

"Màmá," mo wí, "ìdáhùn kì í ṣe ewúrẹ́ tó máa ń gun òrùlé."

Àwàdà náà dùn mọ́ mi lẹ́nu. Mo ti dá a rí ní Kétu, gbogbo kíláàsì ló sì rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Màmá Tísà ò rín. Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára aṣọ rẹ̀.

"Ṣé ùdáhùn nìkan lo rò pé a ń máàkì ní ulé ùwé wa? Uṣẹ́ tó o ṣe kó o tó débẹ̀ la ń máàkì. Bí o bá lọ ṣe báyìí lójú wọn l'Oǹdó, wọ́n á ní o ò mọ nǹkan kan."

"Ìdáhùn kan náà ló ń bọ́ sí, Màmá."

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Gbé ùwé yẹn wá síbí."

Bẹ́ẹ̀ ni èmi, ọkùnrin tó ń lọ sí ogójì ọdún, ṣe di ọmọ kíláàsì kẹrin. Lójoojúmọ́ tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ìṣirò mẹ́wàá á ti wà lórí bẹ́ǹṣì tó ń dúró dè mí. Màmá Tísà á wọ awò rẹ̀, á mú bírò pupa. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó fún mi ní mẹ́rin nínú mẹ́wàá, ìdáhùn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sì pé! Ó ní mi ò to nọ́ńbà sábẹ́ ara wọn dáadáa, pé ọwọ́ mi ń sáré lọ sápá ọ̀tún bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo gé ètè jẹ. Mo ní lọ́kàn ara mi pé ìyà ló jẹ orílẹ̀-èdè tó ń fìyà jẹ ìdáhùn tó pé. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, mo sì ń padà sórí bẹ́ǹṣì náà lójoojúmọ́.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí n lọ, ó fún mi ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Ó kọ "O káre" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo wọ yàrá mi, mo sì wo ìwé náà fúngbà pípẹ́. Ojú tì mí pé inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo dé Oǹdó lọ́jọ́ Sátidé náà, ọlọ́kadà tó gbé mi láti gáréèjì sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi, mi ò gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀. Inú mi tiẹ̀ dùn díẹ̀. Àwọn ará Àkúrẹ́ tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ náà, tí wọ́n bá dé Oǹdó, etí wọn á di.

Àwa mẹ́fà ni a wá du iṣẹ́ náà. Orí àwọn bẹ́ǹṣì tuntun ni wọ́n ní ká jókòó sí. Mo dá àwọn pákó mi mọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó kù wọ kóòtù ẹni tó sanra jù ú lọ. Òmíràn ń ka ìwé ìṣirò pẹ̀lú ètè bí ẹni ń gbàdúrà. Mo wò wọ́n títí, mo ní bó bá jẹ́ àwọn wọ̀nyí ni, iṣẹ́ ti bọ́ sí mi lọ́wọ́. Iwájú wa ni Mìsíìsì Akíngbadé jókòó sí pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Pùròpáítọ̀.

Wọ́n ké sí mi. Pùròpáítọ̀ ní kí n pín 1008 sí ọ̀nà méjìdínlógún, kí n máa ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni pé ọmọ kékeré ni wọ́n.

Ṣé ìyẹn náà ni wọ́n pè ní iṣẹ́? Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọjú sí pátákó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo sọ̀rọ̀ dáadáa. Ohùn mi tí mo ti fi pa mọ́ láti ọdún márùn-ún jáde, mo sì gbádùn ara mi tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò ṣọ́ ọwọ́ mi. Nígbà tí mo sún sẹ́yìn wo ohun tí mo kọ, 1008 wà lápá òsì, 18 wà lápá ọ̀tún, 56 sì jókòó sísàlẹ̀ jẹ́jẹ́, gẹ́gẹ́ bí bàbá mi ṣe kọ́ mi.

Pùròpáítọ̀ yọ awò ojú rẹ̀. "Kí nìyí? Ṣé ẹ̀yìn lẹ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìwé lọ́dọ̀ tiyín ni? Ìdáhùn ti já bọ́ láti orí igi!"

Gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Oníkóòtù tilẹ̀ fi ọwọ́ gbá itan rẹ̀, ó ní, "Àgànyìn ni. Ẹ ò gbọ́ ohùn ẹ̀?"

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, mo sì dá ẹ̀rín náà mọ̀. Mo ti gbọ́ ọ rí, nínú kíláàsì mi ní Kétu. Èmi ni mo dá a sílẹ̀ nígbà náà.

Sìkírá ni orúkọ ọmọ tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí Kétu láti Ìmẹ̀kọ, níhà Nàìjíríà, ọmọ náà ò sì tíì gbọ́ Faransé dáadáa. Mo fún wọn ní iṣẹ́ pínpín kan, mo ní kó wá ṣe tirẹ̀ lórí pátákó. Ó kọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé ìwé tó ti wá, ìdáhùn rẹ̀ sì gun òkè. Mi ò wò ó bóyá ó pé. Mo kọjú sí kíláàsì, mo ní, "Ẹ wo ewúrẹ́ lórí òrùlé." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú wọn. Mo gba ìwé rẹ̀, mo fi bírò pupa fa ìlà la iṣẹ́ náà já, mo kọ òdo. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, Ewúrẹ́ ni gbogbo ilé ìwé ń pè é. Kí sáà ẹ̀kọ́ náà tó parí, àyè rẹ̀ ti ṣófo. Mi ò bèèrè ibi tó wà.

"Ẹ dákẹ́," Mìsíìsì Akíngbadé wí fún àwọn tó ń rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí mi. "Tí ọmọ kan bá gbé irú iṣẹ́ yìí wá bá yín, tí kò jọ èyí tí ẹ kọ́ ọ, ṣùgbọ́n tí ìdáhùn rẹ̀ pé, máàkì mélòó lẹ máa fún un?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi múra ìdáhùn sílẹ̀. Mo mọ èyí tí wọ́n fẹ́ gbọ́, ó dúró sí mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ojú Sìkírá ò kúrò níwájú mi.

"Mo ti fún un ní òdo rí," mo wí.

Mìsíìsì Akíngbadé fà síwájú lórí àga rẹ̀.

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ náà?"

"Mi ò mọ̀, Mà. Mi ò bèèrè."

Pùròpáítọ̀ ní kí n lọ jókòó. Nígbà tí mò ń padà sí Àkúrẹ́, mo gbé orí ti fèrèsé mọ́tò. Mo wá ẹni tí màá bú, mi ò rí ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́bọ̀ ni Mìsíìsì Akíngbadé pè mí. "Ẹ̀gbọ́n mi ò fẹ́ yín o," ó wí. "Èmi ni mo ní kí wọ́n mú yín. Ọjọ́ Ajé lẹ máa bẹ̀rẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn kéékèèké. Ẹ má jẹ́ kí n kábàámọ̀."

Mo dúpẹ́ títí ó fi pa fóònù. Màmá Tísà fò sókè nígbà tí mo sọ fún un; àgbàlagbà náà jó yí ọpọ́n ẹ̀gúsí rẹ̀ ká. Nílé ìlagi, wọ́n ní, "Àgànyìn fẹ́ lọ ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́." Tẹ́lẹ̀, màá ti rẹ́rìn-ín sínú. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò rí ẹ̀rín náà.

Nígbà tí ìyá mi pè lọ́jọ́ Àìkú, mi ò ní ohun tí mo lè ròyìn. Láti ọdún márùn-ún ni mo ti jẹ́ olùkọ́ ní Nàìjíríà lójú rẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé ọ̀la ni mo máa bẹ̀rẹ̀? Nítorí náà, mo bi í léèrè ohun tó ti wà lọ́kàn mi láti Sátidé.

"Ìyá mi, ṣé ẹ rántí ọmọ kan báyìí, Sìkírá, tí ìyá rẹ̀ wá láti Ìmẹ̀kọ?"

"Sìkírá tó ń ta bẹntiróòlù inú ìgò? Iwájú rẹ̀ ni mo wà yìí. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti máa ń sinmi tí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. Ó máa ń bi mí nípa rẹ. Gbà, bá a sọ̀rọ̀."

Kí n tó lè kọ̀, mo gbọ́ ohùn mìíràn, ohùn ọmọ tó ti di obìnrin.

"Ẹ káàsán, Mùsé."

"Sìkírá." Mo gbọ́ alùpùpù tó ń kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀. "Sìkírá, iṣẹ́ ọjọ́ yẹn…"

"4536 sí ọ̀nà méjìlá," ó wí. Kò ronú. "378 ni mo kọ. Ẹ ò wò ó, ẹ kàn fa ìlà pupa lé e. Ṣé mo gbà á àbí mi ò gbà á?"

Mo lè ṣe é lórí. Mi ò ṣe é lórí. Mo mú pẹ́ńsù, mo ṣí ẹ̀yìn ìwé tí Màmá Tísà fi kọ́ mi, mo kọ 12 sápá òsì, mo fa ògiri, mo fa òrùlé. Mo ṣe é díẹ̀díẹ̀, mo to nọ́ńbà sábẹ́ ara wọn, ó sì ń dúró dè mí lórí fóònù. Mo gbé mẹ́ta gun òkè, mo gbé méje, mo gbé mẹ́jọ. Nǹkan kan ò ṣẹ́kù.

"O gbà á," mo wí. "Gbogbo rẹ̀ lo gbà. Èmi ni mi ò…"

"Mo mọ̀," Sìkírá wí. Ó ní oníbàárà ti dé, ó sì dá fóònù padà fún ìyá mi.